Àwọn Ìwé Agbẹ̀bùn Tí Mo Rò fún Ìyá Mi

Bí ọdún bá ti ń lọ sópin, tí àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ bá ti kéde ìwé tí ó gba ẹ̀bùn Booker ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ọ̀rẹ́ mi a máa bi mí léèrè pé, "Ṣé o ti kà á?" Wọ́n mọ̀ pé bí kò bá tíì sí lọ́wọ́ mi, yóò dé ọwọ́ mi kí Kérésìmesì tó dé. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ka àwọn ìtàn àròsọ tí wọ́n gba ẹ̀bùn ńláńlá. Àwọn kan wà nínú wọn tí mo kà tán kìkì nítorí pé mo ti fi owó rà wọ́n. Àwọn kan sì wà tí mo pa dé ní ìdajì, tí n kò sì padà sí ìdí wọn mọ́. Ojú tí adájọ́ fi ń wo ìwé yàtọ̀ sí ojú tí òǹkàwé fi ń wò ó nínú ilé rẹ̀.

Èmi náà ní òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ìwé. Ìyá mi ti pé ẹni ọdún 84. Kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ju ìkíni lọ. Nígbà tí mo bá lọ kí i ní Ìkirun, tí a bá jẹun alẹ́ tán, a máa ní kí n rò fún òun ohun tí mo ń kà. Ìwé tí mo bá lè rò fún un ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí kò sì sùn lọ, ìwé náà ti gba ẹ̀bùn tèmi. Láàárín ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìwé mẹ́rin ló yege ìdánwò yìí. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń sọ, àti pé ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú orúkọ tí wọ́n sọ mí.

Dúrósinmí ni orúkọ mi. Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá kò nílò àlàyé. Wọ́n ń bẹ ọmọ pé kí ó dúró títí di ọjọ́ tí yóò sin òbí rẹ̀. Ó wà nínú ọ̀wọ́ àwọn orúkọ tí à ń pè ní orúkọ àbíkú: Málọmọ́, Dúrójayé, Bánjókòó, Kòsọ́kọ́, Rótìmí. Ẹ wò wọ́n dáadáa. Gbólóhùn ni gbogbo wọn, òbí nìkan ló sì ń sọ̀rọ̀ nínú wọn. Ọmọ kì í fèsì. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé àwọn kan ṣáájú mi wá sí ilé wa, tí wọn kò dúró. Iye wọn, orúkọ wọn, àti bí wọ́n ṣe lọ, kò sí ẹni tí ó sọ ọ́. Kì í ṣe ohun tí ọmọ ń béèrè lọ́wọ́ ìyá.

Hamnet ni ìwé tí mo kọ́kọ́ rò fún un. Maggie O'Farrell ló kọ ọ́, ó sì gba ẹ̀bùn Women's Prize for Fiction ní ọdún 2020. Ìtàn ìdílé William Shakespeare ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òǹkọ̀wé kò fi orúkọ pe bàbá náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tí àkọsílẹ̀ sọ ni pé Shakespeare bí ìbejì, Hamnet tí ó jẹ́ ọkùnrin àti Judith tí ó jẹ́ obìnrin, àti pé Hamnet kú ní Stratford ní ọdún 1596, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 11. Àkọsílẹ̀ kò sọ ohun tí ó pa á. Òǹkọ̀wé wá fi àjàkálẹ̀ àrùn dí àlàfo náà. Ó ya odidi orí kan sọ́tọ̀ fún ìrìn àjò kòkòrò kékeré kan tí ó ń mu ẹ̀jẹ̀, bí ó ṣe wọ ọkọ̀ ojú omi láti Alexandria ní ilẹ̀ Íjíbítì, tí ó gba Venice kọjá, títí tí àrùn náà fi bá àpótí ìlẹ̀kẹ̀ wọ ilé àwọn ọmọ wọ̀nyí. Àwa tí a la ọdún 2020 já kò lè ka orí náà kí ara wa má bù máṣọ.

Nígbà tí mo sọ pé ìbejì ni àwọn ọmọ náà, ìyá mi dìde jókòó. Mo sọ fún un pé Judith ni àìsàn kọ́kọ́ gbé dè, pé Hamnet wá lọ sùn tì í lórí ẹní, kí ikú lè ṣì wọ́n mú, kí ó sì mú òun lọ dípò rẹ̀. Mo sọ fún un pé Agnes ìyá wọn mọ ewé, ó mọ egbò, àwọn ará àdúgbò ló sì máa ń wá gba oògùn lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ewé sunko lọ́jọ́ yẹn," ni ìyá mi wí. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè pé, "Ta ló gbẹ́ ère fún un?"

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ó ń béèrè. Láyé àwọn ìyá wa àgbà, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, àwọn òbí á tọ agbẹ́gilére lọ. Ìyá á máa wẹ ère náà, á fi osùn pa á lára, á wọ aṣọ fún un, á sì fún un ní oúnjẹ, kí èyí tí ó kù lè rójú dúró. Mo dá a lóhùn pé wọn kì í gbẹ́ ère ìbejì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó mi orí. Mo wá ń bá ìtàn mi lọ: bàbá ọmọ náà wà ní Lọ́ńdọ̀nù níbi tí ó ti ń ṣe eré orí ìtàgé, àti pé ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ikú ọmọ náà, ó gbé eré kan jáde tí ó pè ní Hamlet. Orúkọ kan náà ni Hamnet àti Hamlet lẹ́nu àwọn ará ìlú wọn nígbà náà. Nínú ìwé yìí, Agnes rin ìrìn àjò lọ wo eré náà, ó dúró láàárín èrò, ó sì rí i tí ẹni tí ń jẹ́ orúkọ ọmọ rẹ̀ ń rìn, tí ó ń sọ̀rọ̀.

Ìyá mi ní, "Ère náà nìyẹn."

Mo ti ka ọ̀pọ̀ àròkọ àwọn ọ̀mọ̀wé lórí ìwé yẹn. Kò sí èyí tí ó là mí lójú tó gbólóhùn yìí. Ó tún jẹ́ kí n ronú lórí ibì kan tí Judith ti ń wá orúkọ tí wọ́n lè máa pe ẹni tí ó ti jẹ́ ìbejì rí. Ọmọ náà kò rí ọ̀rọ̀ kankan nínú èdè tirẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, Táíwò á máa jẹ́ Táíwò títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ẹni tí ó bá pe orúkọ rẹ̀ ti pe Kẹ́hìndé mọ́ ọn, yálà Kẹ́hìndé wà láyé tàbí kò sí.

Ọdún 2020 kan náà ni Shuggie Bain gba ẹ̀bùn Booker. Ìwé àkọ́kọ́ tí Douglas Stuart kọ ni, ìlú Glasgow ní Scotland ni ìtàn náà sì ti ṣẹlẹ̀, láàárín ọdún 1981 sí 1992. Ìjọba Margaret Thatcher ló wà lórí àlééfà fún ọ̀pọ̀ nínú ọdún wọ̀nyí. Wọ́n ń ti ibi ìwakùsà èédú àti ilé iṣẹ́ pa, àwọn ọkùnrin tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn sì kún ìta. Ìyá inú ìwé yìí náà ń jẹ́ Agnes. Obìnrin tí ó rẹwà ni, tí ó fẹ́ràn oge, tí kì í jáde láìtún ara rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ọtí ti sọ ọ́ di ẹrú. Ọkọ rẹ̀ kó o lọ sí àdúgbò àwọn awakùsà, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì tí ó dàgbà kúrò nílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Shuggie, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ló kù. Òun ní ń gbé ife omi àti ife mílíìkì sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ìyá rẹ̀ kí ó tó jí. Ó ń pa ilé ẹ̀kọ́ jẹ kí ó lè ṣọ́ ọ. Òǹkọ̀wé náà mọ ohun tí ó ń kọ, nítorí pé ọtí ló pa ìyá tirẹ̀ nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 16.

Mo rò pé ìyá mi yóò dá obìnrin náà lẹ́bi. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ọmọ yẹn ló yẹ kí ó máa jẹ́ Dúrósinmí."

Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ orúkọ mi láti ìhà kejì. Ẹ̀bẹ̀ ìyá ni mo ti ń gbọ́ nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Shuggie jẹ́ kí n gbọ́ ìdáhùn ọmọ. Kò sí ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ ẹ̀bẹ̀, síbẹ̀ ó dúró. Ìwé náà kò parọ́ fún wa pé ìdúró rẹ̀ tó láti gba ìyá rẹ̀ là. Ìfẹ́ ọmọdé kò lè já ọtí gbà lọ́wọ́ àgbà. Bí ẹ bá mọ ilé kan tí ọtí ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò yín, ẹ ka ìwé yìí. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọmọ tí ó kéré jù nínú ilé náà dáadáa.

Ìwé kẹta ni Girl, Woman, Other, tí Bernardine Evaristo kọ. Ó gba ẹ̀bùn Booker ní ọdún 2019, òun àti Margaret Atwood ló sì jọ pín in. Evaristo ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn náà. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ni ìyá rẹ̀. Ẹ̀dá ìtàn 12 ló wà nínú ìwé náà, àmì ìdánudúró kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń ṣàn bí ìgbà tí obìnrin méjì bá ń fọ aṣọ létí odò, tí wọ́n sì ń sọ̀rọ̀. Ojú ewé 20 àkọ́kọ́ fẹ́ sú mi. Lẹ́yìn náà, etí mi mọ́ ọn lára.

Àwọn tí ó dì mí mú nínú wọn ni Bummi àti Carole ọmọ rẹ̀. Bummi kàwé nípa ìmọ̀ ìṣirò ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìmọ́tótó ni Lọ́ńdọ̀nù fún un ṣe, títí tí ó fi dá ilé iṣẹ́ ìmọ́tótó tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí Carole kò tíì pé ọmọ ọdún 14, àwọn ọkùnrin fi ipá bá a lòpọ̀ níbi àríyá kan. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kò sì sọ fún ìyá rẹ̀. Ó di ara rẹ̀ lámùrè, ó kàwé, ó wọ Oxford, ó sì di ẹni ńlá ní báńkì. Ohun tí Bummi ń rí ni ọmọ tí kò bìkítà fún ọbẹ̀ ẹ̀gúsí mọ́, tí ó fẹ́ fẹ́ òyìnbó, tí ó ń sá fún ìyá rẹ̀. Ó ń pe èyí ní ìgbéraga. Àwa tí à ń kà á ti mọ ohun tí ìyá náà kò mọ̀, inú wa sì ń dùn wá fún àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Èsì ìyá mi ni pé, "Ọmọ dúró, ṣùgbọ́n kò dúró ti ìyá rẹ̀."

Ọmọ mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú Leeds. Gbogbo alẹ́ ọjọ́ Àìkú ló máa ń pè mí, á ní, "Mo wà dáadáa, Mọ́mì, ẹ má ṣe ìyọnu." Láti ìgbà tí mo ti ka ìwé yẹn ni mo ti ń bi í ní àwọn ìbéèrè kéékèèké. Kí ni o jẹ lónìí? Ta lo bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́? Ní ọjọ́ Àìkú kan, wákàtí kan gbáko ló fi bá mi sọ̀rọ̀. Ohun tí ó sọ, ti òun ni, n kò ní kọ ọ́ síbí.

Ìwé kẹrin ni mo kọ́kọ́ kà nínú gbogbo wọn, òun ni mo sì rò kẹ́yìn. Stay With Me ni, tí Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ kọ. Ọdún 2017 ló jáde, ó sì wọ àtòkọ ìkẹyìn fún Women's Prize ní ọdún náà. Ní ọdún 2019 ni ó gba ẹ̀bùn 9mobile fún lítíréṣọ̀. Iléṣà ní àwọn ọdún 1980 ni ọ̀pọ̀ nínú ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Yéjídé onídìrí àti Akin ọkọ rẹ̀ ń wá ọmọ, àwọn ẹbí ọkọ sì mú ìyàwó kejì wá fi lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ni mò ń gbọ́ lábẹ́ rẹ̀: ìtàn Ìjàpá, ìtàn Olúrónbí, àti ọ̀rọ̀ oyin tí àwọn àna fi ń gún ènìyàn lọ́bẹ. N kò ní tú àṣírí Akin fún ẹni tí kò tíì kà á. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí nìkan: ikú ọmọ wọ ilé náà, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde wọ̀ ọ́, ìyá ọkọ sì ń rí àbíkú níbi tí dókítà ti ń rí ẹ̀jẹ̀. Rótìmí ni wọ́n sọ ọmọ kẹta. Àkọlé ìwé náà ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀.

Ibì kan wà tí ẹ̀rù ti ń ba Yéjídé láti fẹ́ràn ọmọ kẹta yìí, nítorí pé ó ti ná gbogbo ohun tí ó ní sórí àwọn tí wọ́n lọ. Mo pa ìwé náà dé níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìyá mi tọ́ mi dáadáa, ó rán mi nílé ìwé, kò fi ebi pa mí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyá tí ń gbé ọmọ lé itan. N kò lè rò irú ìtàn yẹn fún un, kí ó má baà jọ pé mò ń fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn ún.

Òun fúnra rẹ̀ ló béèrè nígbà ọyẹ́ tí ó kọjá: "Èyí tí o máa ń gbé pamọ́ ńkọ́?" Alẹ́ méjì ni mo fi rò ó. Nígbà tí mo parí, kò sọ nǹkan kan lórí Yéjídé. Ó ní:

"Èyí àkọ́kọ́ ń jẹ́ Ọláníyì. Oṣù mọ́kànlá ló lò. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa wú, á wá máa ké títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Adùnní ló tẹ̀ lé e, òun ti ń rìn, ó ti ń pe bàbá rẹ. Ẹ̀kẹta, wọn ò jẹ́ kí n sọ ọ́ lórúkọ rere. Kòsọ́kọ́ ni wọ́n pè é. Gbogbo wọn ló ń sọ fún mi pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Àbẹ̀kẹ́, mo mọ omi náà lórúkọ."

Ó tún ní, "Nígbà tí mo bí ìwọ, 'ọmọ yìí' ni mò ń pè ọ́ fún oṣù mẹ́ta. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé mo fẹ́ràn rẹ."

Mo ṣàlàyé fún un ohun tí wọ́n kọ́ wa nígbà tí èmi àti ọkọ mi fẹ́ ṣègbéyàwó. AS ni ẹ̀jẹ̀ tèmi, AA ni ti ọkọ mi. Bí tọkọtìyàwó bá jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni àǹfààní pé ọmọ yóò jẹ́ SS, tí fòníkú-fọ̀ladìde yóò máa bá a jà. Kò sí ẹni tí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n mi wò láyé ìgbà náà, nítorí náà n kò búra fún un pé òun ló pa wọ́n. Mo kàn sọ fún un pé wíwú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ ọwọ́ jẹ́ ọ̀kan nínú àmì rẹ̀.

Ó gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó wá béèrè pé, "Àbí wọn ò mọ̀ọ́mọ̀ lọ?"

Mo ní, "Wọn ò mọ̀ọ́mọ̀ lọ, Màámi."

Ó fi ìborùn bo ojú rẹ̀. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí iná àdògán fi kú.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ pé àwọn ìwé agbẹ̀bùn le jù, pé àwọn onímọ̀ ni wọ́n wà fún. Àwọn kan nínú wọn rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìwé mẹ́rin wọ̀nyí, ohun tí àwọn ìyá wa fi orúkọ kan ṣoṣo sọ ni wọ́n ń sọ: dúró tì mí. Ohun tí wọ́n fi kún un ni pé wọ́n fún ẹni tí à ń bẹ̀ láyè láti fèsì. Bí ẹ bá ní àgbà nílé tí kò lè ka ìwé tí ẹ̀ ń kà, ẹ rò ó fún un. Ẹ má ṣe yan èyí tí ó rọrùn fún un. Àwọn àgbà ti rí ohun tí ó le ju ìwé lọ.

Èyí tí ó wà lórí tábìlì mi báyìí ni Orbital, tí Samantha Harvey kọ, tí ó gba ẹ̀bùn Booker ní ọdún 2024. Ènìyàn mẹ́fà ló wà nínú ọkọ̀ kan lójú òfurufú, tí wọ́n ń yí ayé ká ní ìgbà 16 láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀kan nínú wọn, obìnrin ará Japan kan tí ń jẹ́ Chie, wà lókè níbẹ̀ nígbà tí ó gbọ́ pé ìyá òun ti kú, kò sì lè sọ̀ kalẹ̀ wá sin ín. Ìyá mi ti ránṣẹ́ pé òun ń retí mi ní òpin oṣù. Èmi tí mò ń jẹ́ Dúrósinmí yóò jókòó tì í, n ó sì rò ó fún un.